Ọyẹ́ Tí A Kọ́ Síkì Lẹ́yìn Agbowó

Nígbà tí bàbá mi lọ kàwé sí i ní ìlú òtútù fún ọdún méjì gbáko, ohun tí ìyá mi ń retí kò pọ̀. Wọ́n ń retí ọkọ wọn, wọ́n sì ń retí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń fi iná ṣiṣẹ́. Ọkọ dé láyọ̀. Àpótí kan tó gùn jù mí lọ tẹ̀lé wọn dé, tí wọ́n fi okùn dì láti orí dé ìdí. Ìyá mi fi ojú wọ̀n ọ́n títí, wọ́n ní irú ẹ̀rọ ìránṣọ wo ló gùn báyìí.

Ìyá bàbá mi ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti kí ọmọ wọn káàbọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ mẹ́tàlá, àbúrò wa obìnrin jẹ́ mẹ́fà. Gbogbo wa yí àpótí ká nínú pálọ̀ wa ní Bódìjà bí ẹni tó fẹ́ gba ìpín. Bàbá mi tú okùn, wọ́n ṣí i, wọ́n sì fa pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin jáde, tí orí wọn tẹ̀ sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi. Bàtà méjì-méjì tó le bí òkúta wà nísàlẹ̀, bàtà ńlá kan àti kékeré kan, pẹ̀lú ọ̀pá irin mẹ́rin.

Ìyá mi ní, "Kí nìyí?"

"Síkì ni," bàbá mi wí. "Òun ni wọ́n ń wọ̀ yọ̀ lórí òjò dídì."

Láti ilé wa dé ibi tí wọ́n ti ń ta pákó kò ju ohun tí ẹsẹ̀ lè rìn lọ. "Ọdún méjì lẹ lò," ìyá mi wí, "ẹ wá gbé pákó wá sí Bódìjà."

Ìyá àgbà fi ọwọ́ pa ọ̀kan wò. "Ó dán," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi, níbo ni òjò dídì wà níbí?"

Bàbá mi ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun.

Síkì náà wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù títí ọyẹ́ fi dé. Ọyẹ́ ọdún náà kò ṣojú àánú. Ètè wa bẹ́, ẹsẹ̀ wa funfun bí ẹni tó tẹ eérú, kùrukùru sì bo àdúgbò débi pé a kì í rí ilé tó kọjú sí tiwa láàárọ̀. Ní Sátidé kan, bàbá mi wọ súẹ́tà, wọ́n jáde sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ń wò ó bóyá èémí wọn á yọ bí èéfín. Kò yọ. Síbẹ̀ inú wọn dùn nígbà tí wọ́n wọlé.

"Bó ṣe máa ń rí lọ́hùn-ún nìyí gẹ́lẹ́," wọ́n ní. "Ọyẹ́ ni òtútù tiwa. Koríko orí òkè tó wà lẹ́yìn Agbowó ti gbẹ, ó ti dùbúlẹ̀, ó ń yọ̀. Lọ́hùn-ún, tọkọtaya tọmọtọmọ ni wọ́n jọ máa ń jáde lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Kí ló dé tí àwa náà ò lè jáde?"

Pálọ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tò wá sí ìlà, wọ́n ní kí á tẹ orúnkún díẹ̀, kí á na ọwọ́ síwájú, kí á wo ọ̀ọ́kán, kí á má sì sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà, tí ẹnikẹ́ni kò pè, tẹ orúnkún tiwọn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, wọ́n ní ó dára fún ìbàdí. Ìyá mi ti ilé ìdáná jáde pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, wọ́n dúró sí ìparí ìlà kí ẹ̀kọ́ náà lè tètè tán. Bí a ṣe wà nìyẹn, tí gbogbo wa tẹ̀ kẹ́jẹ́, tí ọwọ́ wa wà níwájú, nígbà tí díákónì kan láti ìjọ wa ṣílẹ̀kùn wọlé. Díákónì wò wá. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n rọra tẹ orúnkún tiwọn, wọ́n sì di ojú. Bàbá mi kò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. A wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá mi ní, "Ní orúkọ Jésù," gbogbo wa ṣe àmín, díákónì sì jókòó, wọ́n ní inú àwọn dùn láti bá ìdílé kan lórí àdúrà ní ọ̀sán gangan. Bàbá mi yára gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wọn.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, a di síkì mọ́ orí mọ́tò ìjàpá wa, àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì kó ara wa sínú rẹ̀, pẹ̀lú fúláásì tíì, búrẹ́dì, àti abọ́ àkàrà lórí itan ìyá àgbà. Imú síkì yọ síwájú bí ìwo. Nígbà tí a dé iwájú àwọn oníṣòwò pákó, ọkọ̀ kan ń já ẹrù lójú ọ̀nà, a sì ní láti dúró. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń to pákó sún mọ́ fèrèsé bàbá mi.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ta ló ta èyí fún yín?"

"Kì í ṣe pákó ìkọ́lé," bàbá mi wí.

"Mo rí i sà. Ó ti tẹ̀ lórí. Òjò ló pa á. Ẹ gbé e wọlé ká bá yín gé ibi tó tẹ̀ yẹn."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo ìyá mi tàánú-tàánú. "Mà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

"Mo ti sọ ọ́," ìyá mi dáhùn.

Òkè náà wà lẹ́yìn àwọn ilé Agbowó, lápá ibi tí èèyàn á gbà bọ́ sí ọ̀nà Òjóò. Ilé kò tíì dé ibẹ̀ nígbà náà. Koríko bò ó láti òkè délẹ̀, oòrùn àti ọyẹ́ sì ti sọ ọ́ di aláwọ̀ búrẹ́dì. Kò ga rárá lójú ẹni tó dúró nísàlẹ̀. Ẹni tó bá dúró lókè pẹ̀lú pákó lẹ́sẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ó ga. Òkìtì ọ̀gán kan wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Bàbá mi fi àbẹ́là pa ìdí síkì, wọ́n wọ bàtà ńlá, wọ́n há a mọ́ pákó, wọ́n ní kí á máa wo orúnkún àwọn.

A ń wo orúnkún. Wọ́n fi ọ̀pá ti ara wọn. Pákó kò lọ. Wọ́n tún tì í, pákó ọ̀tún lọ, ti òsì dúró. Bàbá mi jókòó sílẹ̀. N kò lè pè é ní ìṣubú. Wọ́n jókòó díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni tí àga wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì wọ́n lọ tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kí wọ́n tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, òkìtì ọ̀gán ni wọ́n lọ bá, wọ́n sì dì mọ́ ọn bí ẹni tó pàdé ẹbí tó ti pẹ́ tó rí.

Ìyá àgbà, tí wọ́n jókòó sórí ẹní nísàlẹ̀, ní, "Ọmọ mi, ikán wà níbẹ̀ o."

Ẹ̀gbọ́n mi wọ bàtà kékeré. Ó ṣì tóbi jù ú lọ, a fi ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti àkísà dí i. Ó lọ dé ìdajì dáadáa, ó wá bojú wẹ̀yìn láti mọ̀ bóyá a ń wò ó, ó sì yí gbirigbiri dé ìsàlẹ̀. Ní tèmi, mo ṣubú kí n tó gbéra. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n di bàtà ni, pákó ti gbé mi lọ. Èèmọ́ kún orí mi. Kí ó tó di agogo mẹ́wàá, àwọn ọmọ Agbowó ti pé jọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gba ibẹ̀ kọjá sì dúró pẹ̀lú wọn. Ọ̀kan pe bàbá mi, ó ní, "Oga, na film una dey shoot?"

"Eré ìdárayá ni," bàbá mi dá a lóhùn láti ilẹ̀ tí wọ́n wà.

Àbúrò mi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré ju kó wọ ohunkóhun lọ, ló béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa. Bàbá mi ń yọ koríko kúrò lọ́rùn súẹ́tà. Ó ní, "Dádì, lọ́hùn-ún, ta ló máa ń gbé yín dìde?"

Bàbá mi wò ó, wọ́n sì wo àwa yòókù. Wọ́n wá jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn, wọ́n gba ife tíì.

"Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ṣe é rí," wọ́n ní.

"Ẹ̀ẹ̀mejì?" ìyá mi wí.

"Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò lè dìde. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ń juwọ́ sí mi. Lọ́jọ́ kejì mo dìde, mo lọ, àṣé n kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ilé tí wọ́n ti ń ta tíì ni mo wọ̀." Wọ́n mu nínú tiwọn. "Láti ọjọ́ náà, ojú fèrèsé ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, tí mo ń wo àwọn ìdílé náà. Ẹ̀yin ni mo máa ń rò."

Èmi ń wo bàtà mi. Ìyá àgbà ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Ilé tíì náà ńkọ́," wọ́n ní, "ṣé o kò ba ilẹ̀kùn wọn jẹ́?"

Ẹ̀rín pa wá. Bàbá mi ló rẹ́rìn-ín jù, títí tíì fi dà sí wọn lára.

Ìgbà náà ni ìyá mi dìde. "Ẹ bọ́ bàtà yẹn fún mi lẹ́sẹ̀ ọmọ yìí," wọ́n ní. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n tú ìró wọn, wọ́n ká a, wọ́n gbé e fún ìyá ọkọ wọn. Ṣòkòtò bàbá mi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ilé ni wọ́n ti wọ̀ ọ́, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀.

Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rìn gun òkè bí akàn. Nígbà tí wọ́n dókè, wọ́n tẹ orúnkún, wọ́n na ọwọ́ síwájú, wọ́n wo ọ̀ọ́kán, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe kọ́ wa ní pálọ̀. Wọ́n bá ń bọ̀. Koríko ń dún ṣáá lábẹ́ pákó, kò sí ohun mìíràn tó ń dún ní gbogbo òkè náà. Wọ́n ré òkìtì ọ̀gán kọjá láìwò ó, wọ́n sì dúró sí iwájú ẹní wa, wọ́n ní kí àbúrò mi bu omi wá fún àwọn.

Àwọn ọmọ Agbowó pàtẹ́wọ́. Bàbá mi gbé ife tíì kalẹ̀.

"Báwo lo ṣe dúró?" wọ́n béèrè.

"Mi ò mọ̀. Mo kọ orí ẹsẹ̀ méjèèjì síra wọn, bí ọmọ tí ìtọ̀ ń gbọ̀n."

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi di olùkọ́, bàbá mi ni wọ́n ń gbé fúláásì. Fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, bàbá mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ilé. Ní ọjọ́ kẹrin, mo fẹ́ lọ bu omi mu ní ilé ìdáná, mo bá àwọn méjèèjì níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, tí wọ́n dúró tira wọn, tí wọ́n kọ orí ẹsẹ̀ síra wọn. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ìyá mi ń sọ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bí ẹni tí kò tíì rí ibi tó máa tọ̀ sí." Mo padà sẹ́yìn láìmu omi.

Gbogbo Sátidé ọyẹ́ náà la fi lọ. Ìyá àgbà tó yẹ kí wọ́n ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní àwọn kò tíì ráyè. Àwọn ni wọ́n sọ pé àbẹ́là kò dára tó, pé àdín ló tọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. A fi àdín pa á. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ gun un, kò sì dúró síbi tí a máa ń dúró sí; inú oko ẹ̀gẹ́ obìnrin kan ló lọ, ó wó ẹ̀gẹ́ mẹ́ta. Obìnrin náà jáde pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Ìyá mi lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí a dé ní Sátidé kejì, a bá obìnrin náà tó ti gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkè, tó ń dúró dè wá.

A mọ̀ ọ́n níkẹyìn. Èmi sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárọ̀ ọjọ́ kan láìfara kanlẹ̀. Àbúrò mi dúró sórí síkì ìyá mi, ó fẹ̀yìn tì wọ́n, àwọn méjèèjì jọ ń bọ̀ bí ẹni kan tó ní orí méjì. Bàbá mi nìkan ló ń ṣubú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣubú wọn náà ti dára sí i.

Ní Sátidé tó jẹ́ ìkẹyìn, a kò mọ̀ pé ìkẹyìn ni. Bàbá mi wà lókè, wọ́n ń tún bàtà wọn dè. Àbúrò mi lọgun pé ìjàlọ ti wọ abọ́ àkàrà. Gbogbo wa yí sí abọ́ náà, ìyá mi ń gbọn àkàrà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ ìjàlọ mọ́lẹ̀, obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ náà ń fi ewé gbá wọn. Nígbà tí a gbójú sókè, bàbá mi dúró ní ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n ti ré òkìtì ọ̀gán kọjá, orí ẹsẹ̀ wọn kọ síra wọn, koríko kankan kò sì sí lára wọn.

"Ṣé ẹ rí mi?" wọ́n ní.

A wo ara wa. Ìyá mi ṣì mú àkàrà dání.

"Mo rí ọ," ìyá àgbà wí láti orí ẹní. "O sọ̀kalẹ̀ bí omi lára àpáta."

"Ṣé mo tẹ orúnkún?"

"O tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Ọwọ́ mi ńkọ́?"

"Iwájú ló wà."

Bàbá mi mi orí. Wọ́n jókòó, wọ́n bọ́ bàtà. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un ṣe ká lè rí i, wọ́n ní kò pọn dandan. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, koríko hù tútù, koríko tútù kì í sì í jẹ́ kí síkì lọ. Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn fi máa dé, wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lórí òkè náà.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò tíì lọ, gbogbo àlejò tó bá sì wọlé ni wọ́n ń ròyìn fún. Lẹ́nu wọn, òkè náà ga lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ará ilé kejì, ẹyẹ ti ń fò kúrò lọ́nà fún bàbá mi, atẹ́gùn sì ti gba fìlà wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò dé fìlà rárá lọ́jọ́ náà.

Ìyá mi gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. "Ṣé ẹ ń gbọ́ bí òkè yìí ṣe ń ga?" wọ́n ní.

Bàbá mi ń wẹ ọwọ́ wọn. "Màmá ló wà níbẹ̀," wọ́n ní. "Ẹ̀yin ń wo àkàrà."