Àwòrán Tí Mo Fi Èédú Yà Nínú Opó

Ó ti rẹ̀ mí láti máa dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo. Kí ló pa ọkọ rẹ? Ọkàn ni. Ọkàn bíi ti báwo? Ọkàn tó ń lù láyà ènìyàn ni, ó dákẹ́, ó parí. Ọkọ mi ń dúró de mọ́tò ní ibùdókọ̀ Agric láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó so okùn bàtà rẹ̀, kò sì nàró mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀. Mo gbọ́ ohun tí dókítà wí, mo gbà á. Nínú gbogbo ẹbí, èmi nìkan ló gbà á.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Èmi, Ìwó ni wọ́n ti bí mi, Ìkòròdú la sì jọ rẹ́ǹtì sí, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé aládàáni kan ní àwòrán yíyà. A gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn wa ti wí, èmi náà sì jókòó sínú ilé wọn láti ṣe opó. Ìyá méjì ló wà nínú ilé náà. Ìyá Àgbà ló bí ọkọ mi. Òun ló ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo. Ìyá Kékeré, ọmọ Ìjẹ̀dẹ́, ni orogún rẹ̀, "ìyàwó mi" ló sì máa ń pè é. Òun ló ń yan ẹja náà lẹ́yìnkùlé. Ọkọ wọn ti kú tipẹ́, síbẹ̀ wọn ò pín ààrò. Bí ọ̀kan bá yan, èkejì á tà. Mo máa ń fi wọ́n yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ẹ wá wo orogún tí kì í jà.

Àwọn tó wá kí wa ló kó wàhálà wọlé. Ẹni tó bá ti jókòó, á mi orí, á ní, "Kò ṣẹ̀yìn ẹ̀dá." Mo ní Ọlọ́run ló kọ ọ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́run ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ló lọ gbé gègé wá. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ó ti rẹ̀ mí jù kí n tún máa bá àgbàlagbà jiyàn.

Tíṣà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ló fi àwọn ìtàn kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí n lè rí nǹkan kà lọ́sàn-án. Ìtàn àtijọ́ ni, àwọn òyìnbó tó ti kú tipẹ́ ló kọ wọ́n. Mo ṣí àkọ́kọ́, mo pòṣé. Ẹ̀yin ẹni mi, ta ló ń fi ìtàn ẹ̀rù ránṣẹ́ sí opó? Gbogbo rẹ̀ dá lórí àwọn ohun abàmì kan tó ti wà kí ènìyàn tó dé ayé, tí wọ́n tóbi kọjá ohun tí ojú lè kó, tí wọ́n ń sùn lábẹ́ omi, tàbí tí wọ́n ń rìn kọjá lójú ọ̀run níbi tí ìràwọ̀ ò sí. Ẹni tó bá fojú kàn wọ́n, orí rẹ̀ á dàrú. Gẹ̀ẹ́sì inú wọn gùn, ó sì wúwo. Àwọn tó wà nínú ìtàn náà ò gbọ́n tó ewúrẹ́, nítorí ibi tí ẹ̀rù wà gan-an ni wọ́n máa ń gbé àtùpà lọ. Mo ka èkejì ṣáá. Mo ka ẹ̀kẹta.

Ohun tó dá mi dúró ni pé kò sí ọ̀tá nínú wọn. Ẹ gbọ́ mi yé. Nínú àlọ́ tí wọ́n pa fún wa ní kékeré, iwin tó bá jáde sí ọdẹ, ó ní ohun tó ń wá. Ó fẹ́ gba nǹkan, tàbí kẹ̀, ọdẹ ti dalẹ̀. Àwọn tinú ìwé yìí ò wá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ènìyàn kàn wà lójú ọ̀nà wọn ni, bí èèrà ṣe máa ń wà níbi tí a ti ń gbálẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn gan-an ló ń ba àwọn tó ń kà á lẹ́rù. Èmi o, ọkàn mi balẹ̀. Nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń wá ẹni tó pa ọkọ mi, inú ìwé yẹn nìkan ni mo ti rí ẹni tó gbà pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn láìjẹ́ pé ẹnìkan rán an.

Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé àwọn ènìyàn káàkiri ayé ń ya àwòrán àwọn ohun wọ̀nyí. Mo wò wọ́n títí fóònù fi gbóná lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ mi ni, n kò lè wò kí n má sọ̀rọ̀: eyín pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Ohun tí kò fẹ́ jẹ ọ́, kí ló fẹ́ fi eyín ṣe? Èyí tó wù mí ni àwọn tí ohun náà gba gbogbo ojú ọ̀run, tí ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo wà nísàlẹ̀, tó kéré bí ẹ̀wà.

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. N kò ní bébà, ṣùgbọ́n páálí tí wọ́n fi ń di ẹja kún yàrá tí mo wà. Mo bẹ Ìyá Kékeré, ó ṣa èédú fún mi nínú ààrò. Mo ya ọ̀sà bí mo ṣe ń rí i lójú fèrèsé, mo ya ọkọ̀ apẹja kan sórí rẹ̀, mo wá ya ohun náà sẹ́yìn rẹ̀, kò lórúkọ, ojú pọ̀ lára rẹ̀, kò sì sí ọ̀kankan nínú àwọn ojú yẹn tó ń wo ọkọ̀ apẹja. Mo ń kun àwọn ojú náà ní dúdú nígbà tí èédú tán. Ojú kan ṣẹ́kù ní funfun. Mo nu ọwọ́ mi, mo sùn. Oorun gidi ni mo sùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Igbe Ìyá Àgbà ló jí mi. Ó wọlé wá mú páálí tó fẹ́ fi di ẹja, ó yí èyí tí mo ya nǹkan sí padà, ó ké "Yéè!" Gbogbo ilé sáré wọlé. Ìka rẹ̀ wà lórí ojú funfun yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: ojú òsì Ìyá Kékeré, nǹkan funfun ti bò ó láti ọdún pípẹ́. Gbogbo wọn yíjú sí i. Òun náà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ iná.

Láràárọ̀ ni wọ́n ti máa ń bi mí pé, "Ṣé o lálàá?" Nínú ilé yẹn, wọ́n gbà pé ọkọ tó kú á fi ẹni tó pa á han ìyàwó rẹ̀ lójú àlá kí opó tó pé. Mo máa ń ní rárá. Wọ́n wá gbà pé mo ti lá a, ẹnu mi ni kò gbé e. Mo ní inú ìwé ni mo ti rí i. Wọ́n ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ní èédú ló tán. Wọ́n ní èéṣe tó jẹ́ ojú yẹn ló tán sí? Ẹ gbà mí o! Bí mo ṣe ń sẹ́ tó ni ọ̀rọ̀ náà ń dájú sí i.

Àbúrò bàbá ọkọ mi ni olórí ẹbí. Nígbà tó dé, ó wo páálí náà pẹ́, ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Igbe wo ni Ìyá Kékeré ké? Ìgbà tí ọkọ mi wá kí wọn kẹ́yìn, Ìyá Kékeré fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, rọra o, o ti ń sáré jù." Ìyẹn nìkan ni. Ìkìlọ̀ ìyá sí ọmọ, wọ́n ti sọ ọ́ di èpè. Olórí ẹbí ní bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, kí obìnrin náà máa padà sí Ìjẹ̀dẹ́. Ta ló kù fún un ní Ìjẹ̀dẹ́? Àwọn òbí rẹ̀ ti kú, ọmọge ló wà nígbà tó kúrò níbẹ̀, kò sì bímọ. Inú bí mi débi pé ara mi ń gbóná.

Mo lọ bá a nínú yàrá rẹ̀. Ó ń di ẹrù. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìwé àti èédú, ó ní kí n dìde.

"Má dààmú ara rẹ," ó wí. "Àwòrán yẹn dára. Ọ̀sà wa gan-an lo yà."

Mo jáde, mo sọ fún olórí ẹbí pé kí ó kó gbogbo ilé jọ, èmi yóò ka ìwé náà fún wọn. Ó gbà kíá. Ó rò pé mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun tí mo rí lójú àlá. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, wọ́n jókòó yí mi ká ní pálọ̀. Mo ń wo fóònù, mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún wọn: ọkùnrin kan ń ṣọ́ iná létí òkun, ohun kan gba iwájú rẹ̀ kọjá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì tíì kọjá tán. Omi tó dà sílẹ̀ lára rẹ̀ gbé abúlé lọ. Kò wẹ̀yìn.

"Ta ló rán an?" olórí ẹbí bi mí.

"Ẹnikẹ́ni ò rán an, sà."

"Kí làwọn ará abúlé ṣe fún un?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan, sà. Ó ń kọjá lọ ni."

"Kí ni wọ́n wá fi tù ú?"

"Kò gba nǹkan, sà."

Ó pòṣé. Ó ní ìtàn tí kò nídìí, tí kò lórí, ẹni tó kọ ọ́ ti yẹ kó rí dókítà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo ní bó ṣe rí fún ọkọ mi náà nìyẹn, pé ọkàn ló dúró, kò sẹ́ni tó dá a dúró, Ọlọ́run ló sì ni ẹ̀mí. Olórí ẹbí dìde, ó ní òun ò tíì yí ọ̀rọ̀ òun padà. Mo pa fóònù.

Ìyá Àgbà, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan látòkè délẹ̀, pè mí sínú yàrá rẹ̀. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Páálí náà wà lórí itan rẹ̀.

"Èyí tóo yà yìí, kò sẹ́ni tó rán an?"

"Kò sí, mà."

"Kò sì bínú sí wa?"

"Kò bínú, mà. Kò tilẹ̀ rí wa."

Ó fi ìka tọ́ ọkọ̀ apẹja kékeré tó wà nísàlẹ̀. "Bó ṣe wá ń kọjá yìí, ṣé ó mọ̀ pé ọmọ mi ni?"

Ó wù mí kí n purọ́. Irọ́ náà ò jáde lẹ́nu mi.

"Rárá, mà. Kò mọ̀."

Láti ọjọ́ tí a ti gbé òkú dé, n kò tíì rí omi lójú rẹ̀. Ìbínú nìkan ni mo ń rí. Ó wá bú sẹ́kún, ó ń sun ún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Mo dì í mú. Ohun tó fọkàn mi balẹ̀ ni mo rò pé mo gbé fún un, ọkàn tirẹ̀ ò sì balẹ̀ rárá. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ìyẹn burú ju àjẹ́ lọ," ó wí. "Àjẹ́ tó bá pa ọmọ mi, ó kéré tán, á mọ orúkọ rẹ̀."

Ó fi ìborùn nu ojú, ó gbé páálí náà sílẹ̀.

"Lọ sọ fún ìyàwó mi pé kó tú ẹrù rẹ̀," ó wí. "Kò sẹ́ni tó pa á."