Orí Ọ̀yà Tí Bàbá Mi Jẹ

Lẹ́yìn òmìnira, iṣẹ́ mi ní Parakou ni kí n máa ka eegun ẹran. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ilé ìwádìí kan ni, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹranko àti ẹyẹ jọ kí wọ́n lè mọ gbogbo ohun tó ń gbé inú igbó wa. Ọ̀gá mi, òyìnbó gbọọrọ kan, awọ àti eegun nìkan ló ń fẹ́. Ẹran tó kù, ó ní kí n máa gbé e lọ sè nílé, torí pé ẹnu wa ń fọ eegun mọ́ ju oògùn òun lọ. Kí eegun ṣáà ti pé láàárọ̀.

Bí gbogbo ilé wa ní àdúgbò Titirou ṣe di òṣìṣẹ́ ìwádìí nìyẹn. Ìyá mi á gbé abọ́ sáàárín, oníkálukú á da eegun tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fa mùdùnmúdùn. Èmi á dúró tì wọ́n, màá máa ka eegun ìhà lẹ́nu wọn. Ìyà gidi ni.

Eku kéékèèké la kọ́kọ́ ń gbà, bàbá mi kì í fẹnu kàn án. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pa ọ̀yà kan tí irun rẹ̀ ò jọ ti ìyókù. Ọ̀gá ní tí eegun rẹ̀ bá pé, òun á gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Tí kò bá pé, kí n lọ máa ru ẹrù lọ́jà Arzèkè.

Nílé wa, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ṣábẹ̀ tí a ti wá náà ni: àgbà ilé ló ni orí ẹran. Kí n tó fọwọ́ tán, bàbá ti fọ́ ọ.

“Bàbá, ẹ ti jẹ orí.”

“Ta ni ìbá jẹ ẹ́? Ìwọ?”



Láàárọ̀, mo sọ fún ọ̀gá pé bàbá mi ti jẹ orí; kò gbà mí gbọ́, ó bá mi délé. Bàbá mi ń ránṣọ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní, “Sọ fún un, kó bi bàbá tirẹ̀ wò, ta ní ń jẹ orí nílé wọn.”

Mo sọ ọ́ ní Faransé. Ọ̀gá yọ ìwé pélébé tí wọ́n ń so mọ́ eegun. Ó ní òótọ́ ni kí ìwádìí sọ: kí lorúkọ ẹni tó jẹ orí náà?

Ẹ̀rù bà mí. Tí àwọn ọ̀gá ńlá ní Kútọnu bá rí i pé orúkọ bàbá mi ni, ṣé wọn ò ní lé mi? Mo ní, “Ẹ kọ ọ́ pé arúgbó kan.”

Ó kọ ọ́: Orí kò sí, arúgbó kan ló jẹ ẹ́. Ó ní òótọ́ tí mo sọ ti tó òun, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló gbà mí síṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ ọ́, bàbá pè mí. “Ṣé ó kọ orúkọ mi síbẹ̀?”

“Ó kọ ọ́, Bàbá.”

Ilẹ̀ mọ́, mo sáré lọ síbi iṣẹ́ kí n lè fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àpótí eegun ti bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń kó wọn lọ sílùú òyìnbó.

Títí bàbá mi fi kú, àlejò kan ò wọlé wa kí bàbá má sọ fún un pé orúkọ òun wà nílùú òyìnbó, lára eegun ọ̀yà. Á wá yíjú sí mi pé kí n jẹ́rìí. Mo sì máa ń jẹ́rìí sí i.