Ọwọ́ Tí Ìtùnú Kọ́ Bertha

Inú agbo ilé kan ní Bẹyẹrúnkà ni Bertha àti Ìtùnú ti dàgbà, lábẹ́ ọwọ́ ìyá kan ṣoṣo. Màmá ló bí Ìtùnú. Àbúrò Màmá ló bí Bertha, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan náà ni Màmá ń kó wọn lọ. Àwọn ará àdúgbò kì í pe ọ̀kan láìpe èkejì.

Nígbà tí wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ girama tí ọ̀nà kò là láti tẹ̀ síwájú, ẹnìkan nínú ìjọ mú wọn lọ sí pápá gọ́ọ̀fù kan ní òdìkejì ìlú, kí wọ́n máa bá àwọn ọlọ́lá gbé àpò ọ̀pá wọn. Kádì ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n á wọ mọ́tò ní Bẹẹrẹ. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á padà délé pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí pápá bá dá, wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn kádì fi ọ̀pá àlòkù gbá bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tó wà lápá Bertha. Bó bá gbá bọ́ọ̀lù, á fò réré débi tí àwọn ọkùnrin á fi àpò kalẹ̀ kí wọ́n tó lè wò ó tán. Ìtùnú kò lápá bẹ́ẹ̀. Ó kúrú, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti sún mọ́ ihò, kò sẹ́ni tó lè bá a dù ú. Á rọra gbá a, bọ́ọ̀lù á fò díẹ̀, á balẹ̀ sórí koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀, á sì yí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ lọ bá ihò.

Gọ́ọ̀fù kì í ṣe eré agbára nìkan. Ẹni tó gbá ti ọ̀nà jínjìn dáadáa tó wá ba ti tòsí jẹ́, òfo ló ṣe. Ti tòsí ni Bertha sì máa ń bà jẹ́. Nígbà mìíràn bọ́ọ̀lù á kọjá ihò wọ inú igbó. Nígbà mìíràn ọ̀pá á wa ilẹ̀, bọ́ọ̀lù á kàn ta síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kọ́ mi," ó sọ fún Ìtùnú lọ́jọ́ kan.

"Ṣé mo wá lè kọ̀ fún ẹ ni?" ni Ìtùnú fi dá a lóhùn.

Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nísàlẹ̀ òkè Mápó ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Ìtùnú á tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, á ní kí Bertha jẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ lé e. Bertha á gbá a, á kọjá.

"Agbára ẹ ló pọ̀ jù," Ìtùnú á wí. "Bí ọ̀pá bá ti kan bọ́ọ̀lù, dá a dúró níbẹ̀. Tó o bá jẹ́ kó kọjá, bọ́ọ̀lù á sá lọ."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí Bertha. Ó ń dá ọ̀pá dúró. Kò dára sí i, ó tilẹ̀ burú sí i, ó sì gbà pé ọwọ́ òun ni kò gbọ́ràn. Ìtùnú kì í bínú sí i. Á ní, "Ó máa mọ́ ẹ lára." Bí Ìtùnú bá sì ń gbá tirẹ̀, bọ́ọ̀lù ni Bertha máa ń wò. Kò wo ọwọ́ rẹ̀ rí.

Ó wá di ọdún kan, wọ́n kéde pé lọ́dọọdún wọn yóò máa mú obìnrin kan láti pápá náà, tí yóò máa bá ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ lọ síbi ìdíje. Lọ́jọ́ ìdánwò, Bertha ló ń ṣíwájú títí wọ́n fi dé ibi tí ihò ti sún mọ́. Ibẹ̀ ni Ìtùnú ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bertha dì mọ́ ọn, ó bá a jó délé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bákan náà ló rí. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ Bertha bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bó bá ti dúró ti bọ́ọ̀lù nítòsí ihò.

Màmá ní ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ojú lásán. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì ìjọ wọn. Bertha gbààwẹ̀, ó kúnlẹ̀, wòlíì sì fi omi àdúrà wẹ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìtùnú ló di tówẹ́ẹ̀lì mú, òun náà ló nu ọwọ́ náà gbẹ.

Àsìkò yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀wálé dé. Àgbàlagbà ni, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn èèyàn ní gọ́ọ̀fù ní Kàdúná, ó sì fẹ̀yìn tì wá sílé. Ó rí Bertha níbi tó ti ń dá gbá bọ́ọ̀lù, ó dúró wò ó.

"Ta ló kọ́ ẹ pé kó o máa dá ọ̀pá dúró?"

"Ọmọ ìyá mi ni, sà."

"Ọmọ ìyá rẹ ò mọ̀ ọ́n gbá nìyẹn."

"Ó mọ̀ ọ́n gbá, sà. Òun ló ń ṣojú ìpínlẹ̀."

Bàbá náà wò ó títí. Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú nísàlẹ̀ díẹ̀, ó fi ara ti ẹsẹ̀ iwájú. "Bó o bá ṣe gbé e sẹ́yìn tó, bẹ́ẹ̀ ni kó o jẹ́ kó lọ síwájú tó. Tó o bá fẹ́ kó jìnnà, gbé e sẹ́yìn sí i. Tó ò bá fẹ́ kó jìnnà, dín in kù. Ẹni tó ń dá ọ̀pá dúró, ẹ̀rù ló fi ń gbá a. Má sì wo ihò. Wá ibi tó o fẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí, ibẹ̀ ni kó o wò. Ilẹ̀ á bá ẹ gbé e dé ibi tó kù."

Bertha gbá a bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù balẹ̀ síbi tó wò, ó sì yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àsíá tí wọ́n rì sójú ihò. Ó gbá òmíràn, bákan náà ni. Kí oòrùn tó wọ̀, ohun tó ti ń wá láti ọdún mélòó kan ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn. Orí koríko ló jókòó sí, ó ń ro ohun tí Ìtùnú kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ wo Ìtùnú níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ló wò. Ọ̀pá Ìtùnú kan bọ́ọ̀lù, ó sì kọjá lọ síwájú, bó ṣe lọ sẹ́yìn gẹ́lẹ́.

Ìtùnú ń fọṣọ nínú àgbàlá nígbà tí Bertha dé bá a nírọ̀lẹ́.

"Ìtùnú, ìwọ kì í dá ọ̀pá dúró, àbí?"

Ìtùnú fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Ìdáhùn yẹn ló dun Bertha jù. Ká ní Ìtùnú sọ pé òun ò mọ̀ ni, ì bá gbà á gbọ́.

"Mo fojú ara mi rí i."

"O ní ti ọ̀nà jínjìn," Ìtùnú wí. Kò gbé ojú sókè. "Ọlọ́run fún ẹ lápá, ó fún ẹ ní ìdúró, ìwọ ni gbogbo èèyàn ń wò. Tí mo bá tún fún ẹ ní ti tòsí, kí ló kù fún èmi?"

"O di tówẹ́ẹ̀lì mú fún mi lọ́dọ̀ wòlíì."

"Mo mọ̀."

Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó wọlé padà, kò sì jáde mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bertha kò bá Ìtùnú jà. Ìbínú rẹ̀, orí pápá ló ń kó o lọ. Ojoojúmọ́ ló ń gbá ti tòsí títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, ohun kan ṣoṣo ló sì ń rò: ọjọ́ tí òun yóò borí Ìtùnú lójú gbogbo ayé, níbi tí Ìtùnú gbójú lé. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, wọ́n pe orúkọ Ìtùnú, kò dáhùn. Wọ́n tún un pè. Kò wá. Ìsọ̀ Màmá ní Ọjà'ba ló jókòó sí, ó ń bá a ta abọ́.

Bertha ló mókè, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bó ṣe ń kó ọ̀pá rẹ̀ jọ, ó gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ká ní Ìtùnú wá ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ó gba Ọjà'ba lọ tààrà.

"Kí ló dé tó ò wá?"

"Mo fi í sílẹ̀ fún ẹ," Ìtùnú wí. "Kí lo tún fẹ́?"

"Mi ò ní kó o fi í sílẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ ni."

Ìtùnú yíjú sí oníbàárà tó ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta abọ́.

Kí oṣù yẹn tó parí, Bertha kó lọ sí Òkè Àdó, ó gba yàrá kan. Ó bá ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń yìn ín fún ọwọ́ pẹ̀lẹ́ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí ihò. Bí wọ́n bá ní ta ló kọ́ ọ, á dárúkọ Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀wálé nìkan. Òun nìkan ló ń tẹ́ àpò ìrẹsì fún ara rẹ̀ báyìí, òun náà ló ń ṣa bọ́ọ̀lù. Ìtùnú kò fọwọ́ kan ọ̀pá mọ́.

Màmá bẹ Bertha títí. "Ọmú tí Ìtùnú mu nìwọ náà mu."

"Mo mọ̀, Màmá. Òun náà mọ̀ ọ́n."

Nísinsìnyí, ẹsẹ̀ ti ń dun Màmá, kò lè dé Ọjà'ba mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, Bertha máa ń wá kí i ní Bẹyẹrúnkà. Ìtùnú náà á wà níbẹ̀. Wọ́n á sọ̀rọ̀ oògùn tó tán àtèyí tó kù, wọ́n á jọ gbé Màmá jókòó, ọ̀kan á di apá ọ̀tún mú, èkejì á di ti òsì.

"Ṣé ẹ ti jọ jẹun?" Màmá bi wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni àwọn méjèèjì dáhùn.

Wọn ò jọ jẹun. Bertha mú báàgì rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí Màmá pé ó dàárọ̀, ó sì lọ wọ mọ́tò.