Ohùn Kan Lẹ́yìn Gbọ̀ngàn

N kò fẹ́ràn sinimá. Àwọn ẹgbẹ́ onítíátà wa ti ń sá lọ sídìí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ mi sì ń sọ pé ojú mi ló ti darúgbó. Bóyá. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rí. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, wọ́n pa iná, ọba kan tó tóbi ju ilé lọ yọ síbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ nínú gbọ̀ngàn náà tí yóò wọ̀ ọ́ létí. Bí gbogbo wa bá dìde tí a sì lọ sílé, yóò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Eré tí kò lè gbọ́ mi, kí ni mo ń wá lọ síbẹ̀?

Kì í ṣe pé mo ti ń rò ó báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà kan, èmi gan-an ni mo gbà pé kò yẹ kí òṣèré gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni láti ìsàlẹ̀. Ohun tí èrò yẹn gbà lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́ sọ.

Akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì ni mí ní tẹ́ṣọ̀n réluwé Òṣogbo. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ti bí mi, ọmọ aláró. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìyá mi ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú dé ìgunpá. Ilé Mùsùlùmí ni ilé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì gbà pé ibi tí ọkùnrin ti ń kun àtíkè, tó ń wé gèlè, ọ̀nà iná tààrà ni. Ìyẹn kò dá mi dúró. Bí ọkọ̀ ẹgbẹ́ onítíátà bá ti gba ìgboro kọjá lọ́sàn-án, tí wọ́n ń fi gbohùngbohùn pariwo eré alẹ́, iṣẹ́ ti tán lójú mi nìyẹn. Mo lè já tíkẹ́ẹ̀tì Ọ̀fà fún ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo máa ń kọ èrò mi sí lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. “Agogo méje ni wọ́n pè é, agogo mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ wọn dé.” “Ijó ìbẹ̀rẹ̀ dára púpọ̀. Ìwàásù ìparí gùn ju ti lèmọ́mù lọ.” “Ọba yìí ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń gbé òkú ọmọ rẹ̀ wọlé.” “Adé páálí. Òjò ti pa á rí.” Ti hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń lu háíláìfù náà wà níbẹ̀: mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta, mo mu mínírà, mo padà sílé. Ibẹ̀ gbóná, ọ̀rọ̀ kò wọ etí, ó sì dà bí ẹni pé gbogbo ènìyàn ló mú ẹni tirẹ̀ wá.

Ìjẹ̀ṣà ni ìyàwó mi, ará Ìbòkun, ó ń ránṣọ nílé. Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ, a kì í sì í dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ ìgbéyàwó wa, kò sí eré tí mo lọ tí kò bá mi lọ. Kò kọ nǹkan kan sí ìwé ní tirẹ̀. Àwọn òṣèré ló ń bá sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ló ń sọ̀rọ̀ láyé ìgbà náà. Wọ́n á sọ fún ọba pé balógun rẹ̀ ń purọ́, wọ́n á fi ibi tí olè sá sí han ọlọ́dẹ. Ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde, kì í sì í pariwo. Bí ènìyàn ṣe ń bá ọmọ aládùúgbò sọ̀rọ̀ nígbà tó bá fẹ́ fọwọ́ kan iná, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. “Ọmọ mi” ló ń pè wọ́n, ìbáà jẹ́ ìránṣẹ́, ìbáà jẹ́ ayaba.

Lọ́dún kan kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n rán mi lọ sí Ìbàdàn fún ẹ̀kọ́ oṣù kan. Ẹnìkan tí a jọ wà níbẹ̀ mú mi lọ wo eré ní yunifásítì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò sì sẹ́ni tó wúkọ́. Gbogbo wọn jókòó jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Mo ní háà, bó ṣe yẹ kí á máa wo eré nìyí. Mo gbé èrò náà délé bíi pé ẹ̀bùn ni.

N kò tíì pẹ́ tí mo dé nígbà tí ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ràn jù wá sí gbọ̀ngàn ìlú. Mo pe ọ̀gá tẹ́ṣọ̀n wa, ọkùnrin tó ti dé ìlú òyìnbó, pé kó wá bá wa jókòó níwájú. Mo jókòó láàárín òun àti ìyàwó mi, inú mi ń dùn. Nígbà tí eré fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ìyáálé àgbà bu májèlé sínú omi, ó gbé igbá omi náà fún ayaba kékeré. Ayaba gbà á, ó gbé e dé ẹnu, ó dúró. Ìyàwó mi dìde.

“Mọ́ mu ún, ọmọ mi,” ó ní. “Ukú wà nínú ugbá.”

Ọ̀gá mi bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní n kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ ló dùn. Lójú tèmi, èdè Ìbòkun ìyàwó mi ló ń rín. Ojú tì mí, mo fà á láṣọ, mo sì gbóhùn sókè kí ọ̀gá lè mọ̀ pé èmi mọ ohun tó yẹ.

“Jókòó, kí o pa ẹnu rẹ mọ́. Ará oko. Ta ni ọmọ rẹ níbẹ̀?”

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n ó ti jáde tán. Ìyàwó mi jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ tó ti yẹ̀ ṣe, ó gbé ọwọ́ lé itan. Lórí ìtàgé, ọmọbìnrin náà wò wá fún ìgbà díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó mu omi náà, ó sì ṣubú.

Nígbà tí ẹgbẹ́ mìíràn dé lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo múra, mo ní kí á máa lọ. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà. “Ẹ máa lọ, akọ̀wé,” ó ní. “Ara mi kò gba ìjókòó mọ́.” Ohun tó sọ náà nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo pè é lẹ́yìn rẹ̀, kò bínú, kò gbóhùn sókè. Mo ra aṣọ fún un. Mo ra rédíò. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo rò pé bí n kò bá sọ ọ́, yóò gbàgbé.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń dá lọ nìyẹn. Mo ṣì ń jókòó níwájú, mo sì máa ń fi fìlà mi sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí wọn yóò fi ní kí n gbé e. Èyí tó burú jù ni ìgbà tí mo bá padà délé. Ẹnu mi á kún fún ọ̀rọ̀: ọba yìí kò mọ ìjókòó ọba, orin yẹn ti gùn jù, ọmọ tuntun kan wà tó máa di ńlá. Màá bá oúnjẹ mi lábẹ́ àwo, ìyàwó mi á ti kọjú sí ògiri. Mo mọ̀ pé kò tíì sùn. Màá bá ìwé kékeré sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo lọ kọ́ ní Ìbàdàn ti wá jókòó sínú ilé mi, ó sì ń dùn mí.

Lẹ́yìn ogun, ọmọbìnrin kan wá sójú fèrèsé mi ní tẹ́ṣọ̀n láti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ayaba kékeré ni.

“Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń jókòó níwájú ní gbọ̀ngàn?” ó bi mí. “Màmá tó máa ń fi Ìjẹ̀ṣà bá mi sọ̀rọ̀ yẹn dà?”

Mo ní ó wà nílé, ara rẹ̀ le.

“Ẹ bá mi kí wọn. Tí mo bá gbé igbá yẹn dé ẹnu, mo máa ń dúró ni. Àyè wọn la fi sílẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá ké sí mi, mo kàn máa ń mu ún bí ẹni tí kò lẹ́nì kan láyé.”

Mo já tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo fún un. N kò jẹ́ iṣẹ́ náà nílé. Ọ̀nà wo ni n bá gbà jẹ́ ẹ tí ọ̀rọ̀ tèmi kò ní yọjú?

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ yẹn kò yà sí Òṣogbo. Iléṣà ni wọ́n lọ. Ìyàwó mi ti lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìbòkun, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe lóṣooṣù. Mo wọ bọ̀lẹ́kájà lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rí àga níwájú, mo dé fìlà tí ìyá mi fúnra rẹ̀ pa láró kó tó kú, mo jókòó. Ìyáálé gbé igbá wá. Ayaba gbé e dé ẹnu, ó dúró.

“Mọ́ mu ún, ọmọ mi.”

Láti orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá ni ohùn náà ti wá. Kò fi eré sílẹ̀ rárá. Èmi ló fi sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tó ń lọ sí Ìbòkun, bí mo ṣe wá mọ̀ lẹ́yìn náà, òun àti àbúrò rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ wá sí Iléṣà, ó ń jókòó láàárín àwọn ará rẹ̀, ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn pọ̀ ju èyí tí mo ń gbọ́ nílé wa lóṣù kan.

Mo fẹ́ yíjú padà. Ọrùn mi ń yún mi láti yí. Ṣùgbọ́n mo rò pé bí ó bá rí mi, yóò dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti ń wá ohùn yẹn kiri láti ọjọ́ yìí. Mo kọjú síwájú. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ijó ìparí, mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun.

Ó di àṣà mi. Bó bá ti lọ sí Ìbòkun, tí eré sì wà ní Iléṣà, màá tẹ̀ lé e láìjẹ́ kó mọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá ìyàwó mi wo eré báyìí, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, tí n kò yíjú lẹ́ẹ̀kan. Ìwé kékeré kò rí ọ̀rọ̀ gbà sínú mọ́. N kò rí eré náà dáadáa. Etí ni mo ń gbé sílẹ̀.

Ìgbà ìkẹyìn, eré tuntun ni. Ọkọ kan ti lé ìyàwó rẹ̀ jáde, ayé wá yí bìrí mọ́ ọn lọ́wọ́, ó padà wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. “Foríjì mí,” ó ní, “foríjì mí.” Obìnrin náà dúró, ó ń wo ìsàlẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ní kó foríjì í. Àwọn àgbà ń bẹ̀ ẹ́, àwọn ọkùnrin ń pàtẹ́wọ́. Mo dúró de ohùn kan. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó jáde.

“Mọ́ tíì dá a lóhùn, ọmọ mi. Kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣe.”

N kò dúró de ijó ìparí. Mo dé Òṣogbo lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò sùn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ iṣu lórí. Mo bá a sọ apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀. Kó tó jókòó ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí mo mọ ara mi. Mo ní, lọ́jọ́ tí ọ̀gá tẹ́ṣọ̀n bá wa jókòó, mo pè ọ́ ní ará oko lójú gbogbo ènìyàn. Mo ní, mo bi ọ́ pé ta ni ọmọ rẹ níbẹ̀. Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ nígbà tí mo ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo sọ ti Iléṣà fún un, àti ìjókòó iwájú, àti ọdún mẹ́ta.

Ó ń yọ iṣu nínú apẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ta ló tún ní fìlà aláró yẹn láyé yìí?” ó ní. “Láti ọjọ́ kejì tí ẹ wá ni mo ti rí yín. Mo ń retí kí ẹ bojú wẹ̀yìn.”

“Ẹ̀rù bà mí ni,” mo ní. “Mo rò pé bí mo bá bojú wẹ̀yìn, wàá dákẹ́.”

“N bá dákẹ́ lóòótọ́, akọ̀wé,” ó ní. “Ṣùgbọ́n n bá ti dìde wá jókòó tì yín.”

Ó kó iṣu náà mọ́ra, ó sì gbé e wọ ilé ìdáná lọ.