Wọn Ò Béèrè Iye Àbẹ́là Perpétue

Èmi Hàlímọ̀tù, bídọ́ọ̀nù ìpọnmi ni mò ń tà ní Dassa. Mò ń ta ńlá, mò ń ta kékeré, mo sì ń ta èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí àwọn ará Cotonou fi ń pọn omi mímọ́ lọ fún ará ilé wọn. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n bí oṣù kẹjọ bá ti dé, tí àwọn Kàtólíìkì bá ń wọ́ lọ sí ihò àpáta Arigbo lọ rí Màríà, ẹ̀bá ọ̀nà wọn ni mo máa ń tẹ́ ọjà sí. Ọdún kọkànlélógún rèé. Ẹ má sọ fún mi pé mi ò mọ̀ wọ́n. Ẹni tó fi orúnkún gbàdúrà fún wákàtí méjì, bó bá dé ìdí bídọ́ọ̀nù mi, á tún fi wákàtí kan ná ohun tí owó ẹ̀ kò tó ra ẹ̀pà. Mo mọ ojú wọn, mo mọ ẹnu wọn, mo sì mọ bí àánú wọn ṣe rí. Àánú wọn yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Perpétue ni ọmọbìnrin tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọdún kẹta rẹ̀ rèé. Abúlé kan ní Soclogbo ló ti ń wá. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ méjèèjì gbẹ, ló bá di ẹni tó ń fi ọwọ́ rìn. Sílípáàsì tí èmi àti ẹ̀yin ń wọ̀ sẹ́sẹ̀, ọwọ́ lòun ń wọ̀ ọ́ sí. Ó wáṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá aránṣọ kan, ìyá yẹn ní àwọn oníbàárà òun á máa bẹ̀rù. Wọ́n á máa bẹ̀rù kí ni? Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣa kajú, iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìjókòó ni gbogbo wọn ń ṣe é láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀ wò ó tán, ó ní kò sí àyè, àmọ́ kó padà wá nígbà Nówẹ̀lì, ọdún ìbí Jésù, pé àwọn máa ń pín ìrẹsì fún irú wọn. Irú wọn. Ọ̀gá yẹn fúnra rẹ̀, ìjókòó ló fi ń jẹun, ìdí rẹ̀ sì ti fẹ́ kún àga.

Nígbà tí kò ríṣẹ́, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Àbẹ́là ló ń ṣe. Á ra ìda, á yọ́ ọ nínú ìkòkò, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran òwú, á na òwú náà sáàárín ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tó níhò nínú, á wá da ìda sí i. Bó bá ti dì, á ya ọ̀pá yẹn kúrò. Àbẹ́là rẹ̀ gún régé, kì í tètè yọ́ dànù, atẹ́gùn orí òkè wa yìí kì í sì í ṣàdédé pa á. Oníṣòwò ni mo fi sọ ọ́, kì í ṣe aláàánú.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ilẹ̀ ló jókòó sí, ó to àbẹ́là sínú abọ́ tánganran níwájú ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá á wo ẹsẹ̀ rẹ̀, á mí kanlẹ̀, á ju owó sínú abọ́, á sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó mú àbẹ́là. Kò sẹ́ni tó béèrè pé èló ni. Kí n má parọ́, èmi náà ju ọgọ́rùn-ún fránkì sínú abọ́ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní Ọlọ́run á ṣàánú rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ mú ọ̀kan."

Mo ní, "Mùsùlùmí ni mí, kí ni n óò fi àbẹ́là ṣe?"

Ó ní, "Ṣé iná kì í lọ nílé Mùsùlùmí ni?"

Ojú tì mí débi pé mo ra méjì sí i.

Lọ́dún kejì mo ní kó gbé tábìlì wá, kó jókòó sórí àga bíi tèmi. Wọ́n gbé owó sórí tábìlì. Wọ́n tún ń béèrè ta ni aláàánú tó fún un ní tábìlì tó dára tó báyẹn.

Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn sí i ni Hervé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Zémidjan ló ń wà, alùpùpù tó ń gbé èrò fún owó; òun ló ń fi alùpùpù rẹ̀ gbé àbúrò rẹ̀ wá, tó ń gbé e padà. Ọkùnrin tí apá rẹ̀ tó ọmọ odó ni. Lọ́dún yìí, níṣojú mi, ó ní, "Bí àbẹ́là yìí bá tún padà wálé, ìda rírà tán nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni màá máa gbé ẹ lọ lọ́jọ́ ìsinmi, ìwọ àti abọ́ òfìfo. Ṣebí abọ́ làwọn èèyàn ń wò, wọn ò wo àbẹ́là." Ó tan alùpùpù, ó lọ. Mo tutọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Perpétue yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá Ràsáàkì," torí orúkọ àkọ́bí mi ló fi ń pè mí, "mi ò tíì ṣagbe rí. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá fi lè bẹ̀rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, mi ò ní í lè dìde níbẹ̀ mọ́."

Kò tíì pẹ́ tó sọ ọ́ tán tí obìnrin kan fi dé. Dorothée làwọn tó bá a rìn ń pè é. Aṣọ tí wọ́n tẹ àwòrán Màríà sí ló wọ̀, Màríà kan láyà, Màríà kan nídìí, bó bá jókòó, orí Màríà ló jókòó lé. Ó gbé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fránkì sórí tábìlì, ó di ojú, ó ní, "Ọmọ mi, máa rántí mi nínú àdúrà."

"Ìyá, ẹ mú àbẹ́là yín."

"Fi sílẹ̀, tìrẹ ni. Màríà á jẹ́ kó o dìde rìn."

"Tiyín ni, Ìyá. Ẹ ti sanwó rẹ̀."

Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Dorothée ti lọ, ó ti ń sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọkàn òun fúyẹ́.

Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn wa níbẹ̀. Perpétue sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó fi ọwọ́ rìn débẹ̀, ó tan àbẹ́là kan, ó rọ ìda rẹ̀ sórí òkúta, ó gbé e nàró. Ó ní, "Ti ìyá yẹn nìyẹn. Bí wọn ò bá mú tiwọn, màá bá wọn tàn án. Mi ò gba ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹlòmíì ju owó sílẹ̀, Perpétue tan tirẹ̀. Ẹlòmíì tún jù ú, ó tún tàn án. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń bá a tàn án. Kó tó di ọ̀sán, ìdí àpáta yẹn ti kún fún iná láti ìhín dé ọ̀hún. Ìgbà náà làwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

Ọkùnrin kan kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹnì kan kúnlẹ̀, mẹ́wàá kúnlẹ̀. Ẹnì kan rí ojú ibi tí òjò ń ṣàn gbà lára àpáta, ó ní ìbòrí Màríà nìyẹn. Wọ́n bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, mo ní bídọ́ọ̀nù ni mò ń tà. Wọ́n bi Perpétue, ó sì sọ òótọ́ fún wọn ní kedere: "Àbẹ́là àwọn tó sanwó tí wọn ò mú un ni." Wọ́n mi orí, wọ́n ṣe àmì àgbélébùú, wọ́n kúnlẹ̀. Bí oòrùn ṣe ń yẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ létí ara wọn pé arọ kan dìde rìn níbẹ̀ láàárọ̀. Perpétue jókòó níwájú wọn, tòun ti ẹsẹ̀ gbígbẹ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè bóyá òun ló dìde. Mo ti rí òmùgọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn pọ̀ ju bídọ́ọ̀nù mi lọ.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kúnlẹ̀ lọ́wọ́ òfo níbi tí ọmọnìkejì rẹ̀ ti tanná? Dorothée ti ń bọ̀ láti Arigbo, ó rí èrò, ó fi ìgbúnwọ́ la ọ̀nà dé iwájú. Ó wo iná, ó wo tábìlì. Kò dá Perpétue mọ̀.

Ó ní, "Ìwọ, èló ni àbẹ́là yìí?"

Perpétue kọ́kọ́ wò mí.

"Ọ̀ọ́dúnrún, Ìyá."

"Ọ̀ọ́dúnrún kẹ̀? Ìda lásán? Gba igba."

"Kò gbà."

"Màá fi àádọ́ta lé e."

"Ìyá, iye tó jẹ́ nìyẹn. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi ọjà mi sílẹ̀."

"Ojú ẹ le, ọmọ yìí. Ẹ̀yin ọlọ́jà Dassa, olè ni gbogbo yín." Ó pòṣé, ó san án pé, ó yẹ òwú àbẹ́là náà wò bóyá ó dáa, ó wá lọ tàn án. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàárọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, tó ti kù díẹ̀ kó jó tán. Perpétue ń nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń nu ojú. Láti ọdún mẹ́ta tó ti ń jókòó síbẹ̀, Dorothée lẹni àkọ́kọ́ tó pè é lólè. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wọn ń béèrè, gbogbo wọn ń ná an, wọ́n ń bú u, wọ́n sì ń rà á.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí Hervé fi dé. Ó rí tábìlì òfìfo, ojú rẹ̀ tàn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá àbẹ́là kù níbẹ̀.

"Èló ni wọ́n fún ẹ?"

"Wọn ò fún mi ní nǹkan kan. Wọ́n rà á ni."

Ó wò mí bí ẹni pé kí n sọ pé irọ́ ni. Mo ní, "Wọ́n ná an títí, ó kọ̀ fún wọn."

Perpétue wọ sílípáàsì sọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìda mi ti tán. Èló lẹ máa gbé mi dé Paouignan lọ́la lọ rà á?"

Hervé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rín in, ó dáwọ́ rẹ̀ dúró. "Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Ṣebí zémidjan ni yín."

Ó wo alùpùpù rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wá dá iye kan. Perpétue ní ó ti wọ́n jù, kó dín in.