Òfin Tí Mo Gbé Wọ Bàálù

Ká tó wọ bàálù kúrò ní Kánádà ni mo ti ṣòfin fún àwọn ọmọ mi méjèèjì: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Òyìnbó sí ìyá mi. Yorùbá nìkan. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Warri, níbi tí ìyá mi ń gbé, sọ pé mo lọ sókè òkun, mo lọ sọ ọmọ nù. Ọkọ mi ní òfin náà ti le jù. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre.

Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, rí ọgbọ́n dá sí i. Ó mọ "ẹ káàárọ̀", ó mọ "ẹ ṣé, mà", ó sì ń fi ẹ̀rín dí ìyókù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni kò rí tirẹ̀ ṣe. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò nílé ìyá mi, kò la ẹnu bá a sọ̀rọ̀ rí. Bí màmá bá pè é, á kúnlẹ̀, á sì dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi bi mí léèrè pé, "Ṣé ẹ̀rù mi ń ba ọmọ yìí ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an.

Nígbà tó ku ọ̀la ká padà, a kó àwọn ọmọ jáde kí wọ́n lọ wo ìlú. Mo ti ṣètò gbogbo rẹ̀: Airport Road láàárọ̀, ọjà Pessu lọ́sàn-án, ká sì wọ ọkọ̀ ojú omi kí oòrùn tó wọ̀. Mo gbàgbé pé ìyá mi la jọ ń lọ. Ìlàjẹ ni, ó sì ta ẹja ní Pessu títí orúnkún fi dá a jókòó sílé. Bí a ṣe débẹ̀, kò sí ìsọ̀ tí kò dúró kí.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, mà."

"Ibo lò ń sáré lọ? Ẹni tí mo bá kọjá láì kí, ṣé ìwọ lo máa bá mi bẹ̀ ẹ́?"

A ò tíì kọjá ọ̀dọ̀ àwọn alákàn nígbà tí akàn kan já okùn, tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn bọ̀ níbi ẹsẹ̀ ọmọbìnrin mi. Ọmọ fò sókè, ó di ìró ìyá mi mú. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó gbá akàn náà mú lẹ́yìn, ó sì kọjú sí ẹni tó ni ín.

"Madam, na so you dey tie crab? E wan chop my pikin leg!"

"Mama, abeg no vex!"

Ìyá mi yíjú sí ọmọ. "No fear. E no fit bite you again."

Ọmọbìnrin mi gbójú sókè. Ó wo ìyá mi, ó wá wo èmi bí ẹni pé mo jí nǹkan rẹ̀ pa mọ́. Ó rọra bi mí pé, ṣé Màmá Àgbà gbọ́ èdè òun látọjọ́ yìí?

Ojú tì mí. Kí wọ́n tó bí mi ni ìyá mi ti ń fi Pidgin tajà, táwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní Warri sì ń fi dá a lóhùn. Èmi náà mọ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà; tèmi ló pa ọmọ mi lẹ́nu mọ́. Mo ní kó máa fi Òyìnbó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹnu ọmọ kò wá dákẹ́ mọ́. Ṣé akàn máa ń sùn? Kí ló ṣe orúnkún Màmá? Alákàn fún ìyá mi ní bẹ́ǹṣì, ó jókòó, ó ń fi Pidgin àti Ìlàjẹ dá ọmọ náà lóhùn, èyí tí kò bá yé Màmá, á fi ẹ̀rín gbè é. Mo ní ọkọ̀ ojú omi yóò lọ. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ọkọ mi ò sọ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òfin mi le jù, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn náà.

Níkẹyìn, ọmọ bi Màmá bóyá á sunkún tí a bá lọ lọ́la.

Ìyá mi fa orí rẹ̀ mọ́ra. "Before, I for cry," ó ní. "Now I don hear your voice."

Èmi ni mo sunkún, lójú gbogbo ọjà.