Ẹsẹ̀ Kẹrin Táńkì Wa

Kọ̀, kọ̀, kọ̀. Òòlù Ìyá àgbà ló ń dún lára ẹsẹ̀ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gbé táńkì omi wa sókè ní Pápá Àjàó, ní Mushin. Á kan ọ̀kan, á dẹtí, bí ẹni tó kanlẹ̀kùn tó ń dúró kí onílé dáhùn. Bàbá àgbà, tó jẹ́ wẹ́dà, ló jó irin náà pọ̀ kó tó kú. Ìyá àgbà ò sì gbà kí ìpẹtà jogún ọkọ òun.

Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gun àkàbà. Á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà, á fi àkísà àti kẹrosíìnì nù ún, kó tó kun ọ̀dà pupa, kó wá kun dúdú lé e. Òórùn kẹrosíìnì á wà lára ìborùn rẹ̀ títí di Jímọ̀.

Lọ́dún tí orúnkún ò jẹ́ kó lè gùn mọ́, èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá ló kàn.

"Ọkọ mi, ha á títí irin á fi funfun. Tó o bá kun ọ̀dà lé ìpẹtà, aṣọ lo rà fún un yẹn. Á máa jẹun lọ lábẹ́ ẹ̀."

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: kódà lónìí, kí n tó gun àga pààrọ̀ gílóòbù, mo máa ń ṣe àdúà. Mo ha ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ti ẹ̀kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, àkàbà ń mì. Mo so búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà mọ́ igi gígùn, mo dúró sí ìsàlẹ̀, mo kùn ún lé ìpẹtà. Ó ń dán bíi bàtà Iléyá.

Ìyá àgbà kí mi, ó fún mi lẹ́ran. Kí n tó gbé e sẹ́nu, ìyá mi gbé sítóòfù lọ sábẹ́ táńkì, níbi tó ti máa ń dáná, ó jókòó ti ẹsẹ̀ kẹrin. Mo ju ẹran sílẹ̀.

"Màámi, ẹ dìde! Ejò!"

Ìyá mi fò sókè. Ìyá àgbà ò mira. "Ejò kẹ̀? Ní Mushin?" Ó wo òkè, ó wo ojú mi. "Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni mo gbọ́ tó o ha."

Ó na òòlù sí mi. "Gùn ún."

Mo kan án lókè: bù. Ọ̀dà tuntun ṣí bí èèpo iṣu, ìpẹtà dà sórí ìborùn rẹ̀. Mo bú sẹ́kún.

"Ṣé o ti sunkún tán? Ìpẹtà ò tíì lu irin. Máa ha á lọ."

Orúnkún tó ń dùn ún yẹn ló fi ti àkàbà, tó dì í mú gírígírí, títí wọ́n fi pe ìrun Àlàásárì. Nígbà tí mo tún kan án, kọ̀ ló dún.

Táńkì ti di ti rọ́bà báyìí, àmọ́ irin Bàbá àgbà ṣì dúró. Ìyàwó mi ló ń di àkàbà mú fún mi, ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ẹsẹ̀ kẹrin ni mo máa ń kọ́kọ́ ha.